Gàní Ayàwòrán àti Ìkùukùu Tó Ń Bí Ìràwọ̀

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Akówónjó tó ń jẹun lórí ìdúró, tó gbé àwo lé ọwọ́ òsì, tó ń fi ẹsẹ̀ kan gbá ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ọ̀hún ṣẹ̀ ẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Abdulganiyy ni. Gàní ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ a máa pè é ní Má-jókòó, kì í sì í bínú sí wọn, nítorí kì í pẹ́ níbì kan tó bí inú ṣe máa ráyè bí i.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Òfì ni bàbá rẹ̀ ń hun, wọ́n sì rò pé òun náà yóò hun ún, ṣùgbọ́n ta ni yóò de Gàní mọ́ ìdí òfì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ó sá lọ bá ayàwòrán kan tó ń kọ pátákó, ó kọ́ṣẹ́, ó gba fírídọ́ọ̀mù, ó sì wọkọ̀ wá sí Èkó. Ní ayé ìgbà náà, láti Ṣáṣá títí dé Ìpájà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí kì í ṣe Gàní ló ya àwọn orí tí wọ́n tò sára pátákó rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sórí rọ́bà dé, àwọn onígbàjámọ̀ ò sì pè é mọ́. Gàní ò sunkún. Ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ sí àwọn ilé-ìwé aládàáni, nítorí kò tíì sí ẹ̀rọ tó lè tẹ ẹ̀dọ̀fóró àti máàpù Nàìjíríà sára ògiri tí bíríkìlà rẹ́ ní wọ́gọwọ̀gọ. Bí ẹ bá ní ọmọ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kankan ní agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ Gàní ni ọmọ yín fi mọ ọ̀bọ yàtọ̀ sí ológbò.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ tí kò gbàgbé rí. Ọ̀gá náà máa ń sọ pé ibi tó bá ṣófo lára ògiri, ibẹ̀ ni ojú ẹni tó gbé iṣẹ́ fúnni kọ́kọ́ ń lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn. Nítorí náà, Gàní kì í fi àyè sílẹ̀. Bó bá ya ẹja, á fi koríko odò kún ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ya Ááfíríkà, á fi ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin sínú òkun tó yí i ká. Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ a máa rojọ́, ṣùgbọ́n àwọn onílé-ìwé fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó jọ pé wọ́n rí ènì gbà.

Ká sọ tòótọ́, àìbalẹ̀ ọkàn tó wà lára rẹ̀ lọ́dún yìí kì í ṣe ti ìwà rẹ̀ nìkan. Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá ni ojú rẹ̀ ti ń ṣe é níṣekúṣe. Ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gbá àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí tó ti ń gùn láti ogún ọdún, ó ní bàtà ló fa á. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì dípò orí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀, Sìdíkátù, ń rán kọ́tìnnì ní iwájú ilé, Gàní ló sì máa ń bá a fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Ní oṣù bíi mélòó kan sí ìsinsìnyí, gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá na abẹ́rẹ́ sí i, á ní kùn wà lọ́wọ́ òun. Kùn ọ̀hún ò gbẹ rí.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ojú bàbá rẹ̀ ti kú kó tó pé àádọ́rin ọdún. Bàbá náà ò gbà pé òun ò ríran mọ́, ó jókòó sídìí òfì, ó hun odindi aṣọ kan, gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ ló sì lọ́ mọ́ra wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Gbogbo ilé yìn ín, wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Gàní wà níbẹ̀, òun náà yìn ín. Ohun tó ń lé e kiri láàárín Akówónjó àti Ẹ̀gbẹ́dá nìyẹn: ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan, òun á parí ògiri kan, àwọn èèyàn á sì máa yin òun bí ẹni tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Bí ojú bá lọ, kí ló kù tí wọ́n á máa pè ní Gàní?

Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí Ọláídé, obìnrin tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Bárúwà, pè é lóṣù kìíní ọdún. Ọyẹ́ mú gidi. Eruku bo gbogbo òrùlé, ètè gbogbo èèyàn ló sì là. Ọláídé ò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí ohun tí kò tíì sọ. Ó mú un dé iwájú ògiri gbọọrọ tó kọjú sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀, ó sì fún un ní fọ́tò kan tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tó fẹ̀ tó kàlẹ́ńdà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Èyí la fẹ́ kí ẹ yà síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ parí kó tó di Mọ́ńdè tá a máa wọlé o."

Gàní gba fọ́tò, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́. Ó rí àwọ̀ búlúù, ó rí àwọ̀ ọsàn, ó rí àwọ̀ kan tó jọ inú ìbẹ́pẹ, gbogbo wọn pò mọ́ra bí èéfín. "Kí lèyí, Tíṣà? Iná ló ń jó ni àbí àǹkárá ni?"

Ọláídé bú sẹ́rìn-ín. "Ibi tí ìràwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, bàbá. Awò awọ̀nàjíjìn ni wọ́n fi yà á. Ìkùukùu ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń rọ òjò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe..."

"Ó ti yé mi, jàre," ni Gàní wí, ó ti ń wọn ògiri.

Kò yé e. Ṣùgbọ́n bí Gàní bá ní láti dúró gbọ́ àlàyé, ara rẹ̀ á máa yún un. Ó fi rúlà pín fọ́tò sí kéékèèké onígun mẹ́rin bí ìwé ìṣirò, ó fi ṣọ́ọ̀kì pín ògiri bákan náà, ó sì ń gbé ohun tó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan lọ sára ògiri. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ya ìfun àti ọkàn àti ayé àti oòrùn. Ní ọjọ́ Túsìdeè, iṣẹ́ ń lọ geere. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè ló kan ibi tó dúdú.

Ibi mẹ́ta ni. Láàárín gbogbo àwọ̀ tó ń tàn yẹn àti ìràwọ̀ tó pọ̀ bí iyanrìn, ibi mẹ́ta wà tí Gàní ò rí nǹkan kan. Kò sí àwọ̀, kò sí ìràwọ̀, ó kàn dúdú kirikiri. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu fọ́tò. Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú. Ó di ojú òsì, ó wò, ó di ojú ọ̀tún, ó tún wò. Dúdú náà wà síbẹ̀.

"Ó ti dé," ló wí lábẹ́ ahọ́n.

Ṣé kò yẹ kó bi ẹnì kan léèrè ni? Wísdom, ọkùnrin Delta tó ń ṣọ́ gáàtì, jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò jìnnà sí i, ó ń gbọ́ rédíò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè pé ṣé nǹkan wà níbí, ó ti jẹ́wọ́ pé òun ò rí i. Gàní gun àkàbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ mu omi, ó padà, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀. Bí gbogbo ibi yòókù bá kún fún ìràwọ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ náà kún fún un, ojú òun ni kò gbé e. Bóun bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní dúdú, gbogbo ayé á mọ̀.

Ló bá rọ kùn funfun sínú ike, ó ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fi àtàǹpàkò fọ́n ọn sára ògiri. Ìràwọ̀ já sí ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fi ńláńlá díẹ̀ kún un, ó fi búlúù sí etí wọn. Ibi mẹ́ta náà wá dára ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ó kọ "GANI ARTS" sí ìsàlẹ̀ ògiri, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i bí iṣẹ́ wọn ṣe wí, ó sì yára kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè ni Ọláídé wá wò ó. Ó dúró síwájú ògiri, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ọláídé á mọ̀ pé ìyẹn ò dára.

"Bàbá," ló wí, "ta ló ní kẹ́ ẹ fi ìràwọ̀ síbí?"

Gàní sún mọ́ ògiri. "Ibo nìyẹn, Tíṣà?"

"Ibí. Àti ibí. Àti òkè lọ́hùn-ún. Dúdú ló wà níbẹ̀ nínú fọ́tò o."

Gàní di àkàbà mú. "Ẹ̀yin náà rí dúdú yẹn?"

"Ta ni ò ní rí i, bàbá? Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe mú fọ́tò wá! Wísdom! Jọ̀ọ́, wá wo nǹkan."

Wísdom dìde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tẹjú mọ́ fọ́tò. "Black dey there na," ló wí. "Three place. Wetin happen?"

Ká ní ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ò bá rò pé wọ́n sọ fún Gàní pé ó jẹ tẹ́tẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá Wísdom mọ́ra pẹ̀lú kùn lára. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọláídé, ó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, Tíṣà, ẹ má bínú jàre, mo rò pé ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ ni yíǹkì ẹ̀ tán ni." Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tí ayọ̀ gbé jáde ni. Ojú rẹ̀ ò ní nǹkan kan! Dúdú ni ohun tó wà níbẹ̀, dúdú náà lòun sì rí.

Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró gbọ́ àlàyé. Ọláídé fi ìka tọ́ka sí ibi dúdú ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ò ṣófo rárá, pé ibẹ̀ gan-an ni nǹkan pọ̀ sí jù. Gáàsì ni, pẹ̀lú eruku tó kúnná ju lẹ́búlẹ́bú lọ, ó sì fẹ̀ débi pé bí èèyàn bá ní kí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ sáré gba àárín rẹ̀ kọjá, á gbà á lọ́pọ̀ ọdún. Àwọn ìràwọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku náà ló dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀ wọn. Ibẹ̀ tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Nítorí pé ó tutù, gáàsì náà lè rọra máa kó ara rẹ̀ jọ, díẹ̀díẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń fà á wọlé, títí àárín rẹ̀ á fi le, á gbóná, á sì tàn.

"Ìràwọ̀ nìyẹn, bàbá. Oòrùn wa yìí náà, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti dí dúdú yẹn, ẹ ti dí ilé ọmọ."

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó?"

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún. Òmíràn tó mílíọ̀nù."

"Ọdún mílíọ̀nù kan! Kí ló ń pẹ́ wọn, Tíṣà? Ta ló ń dúró dè wọ́n?"

Ó fẹsẹ̀ rìn láti Bárúwà títí dé Akówónjó lọ́jọ́ náà, kò wọ kẹ̀kẹ́. Ó ń kí ẹni tó mọ̀, ó ń kí ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tó délé, ó sọ ìtàn náà fún Sìdíkátù, ó yọ apá tó kan ojú kúrò nínú rẹ̀, ìtàn ọ̀hún ò sì ní orí, kò ní ìdí. Sìdíkátù gbọ́ ọ tán, ó wò ó.

"Inú yín mà dùn o, Bàbá Hamdalah."

"Inú mi dùn gan-an ni!"

"Ẹ bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí, kí inú tèmi náà lè dùn."

Gàní rántí lójijì pé kùn dúdú òun ti tán. Ó ti dé ìta kó tó sọ pé òun ń bọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, ó padà sídìí ògiri. Kò ya nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló fi ń dí ihò, ó wá di pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ihò. Ó kọ́kọ́ fi dúdú pọ́ńbélé pa ìràwọ̀ rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé ó kú, ó jọ ibi tí èéfín àdògán bà jẹ́. Ó fọ̀ ọ́ dànù. Ó wá po búlúù mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ pupa, ó fi dúdú bíńtín sí i, ó fi àkísà nà án láti etí wá sí àárín, ó dúró kó gbẹ, ó tún fi òmíràn lé e. Ọjọ́ Sátidé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Ìgbà tó fi máa dé ìpele kẹjọ, dúdú náà ti ní inú. Tí èèyàn bá wò ó pẹ́, á dà bíi pé ó jìn ju ògiri lọ. Wísdom gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kúrò níbi gáàtì, ó gbé e wá síbi tó ti lè máa wò ó.

Síbẹ̀, ara Gàní ò balẹ̀. Ó ń bá ìkùukùu náà jà lọ́kàn. Báwo ni nǹkan ṣe lè wà lójú kan fún mílíọ̀nù ọdún, kó máa rọra kó ara rẹ̀ jọ, láìsí ariwo, láìsí ẹni tó ń wò ó? Nígbà mìíràn, bó ṣe ń na àkísà yẹn, á dà bíi pé ìbínú ń bọ̀. Òun ò lè dúró kí tíì tutù. Ó pe Ọláídé lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù láti bi í bóyá kò sí ohun tó lè mú un yá kíákíá. Ọláídé ní ìràwọ̀ ńlá kan lè bú gbàmù nítòsí, kó ti gáàsì náà pọ̀. "Ẹn-ẹ́n!" ni Gàní wí, ara tù ú díẹ̀.

Ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Ọláídé ya ilé-ìwé láti wá wò ó kẹ́yìn, nítorí ọ̀la ni ìwọlé. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú fọ́tò dání. Ó wo ògiri títí, omi lé ròrò sí i lójú.

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé ó lè rí báyìí. Ó kàn ku àwọn ọmọ tuntun yẹn, kẹ́ ẹ fi wọ́n sí i."

"Ọmọ tuntun wo?"

"Àwọn pupa kéékèèké tó wà láàárín dúdú tó wà lókè yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ni. Eruku ò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọn ráyè, pupa nìkan ló ń yọ́ jáde, bí oòrùn ṣe ń pọ́n nínú ọyẹ́ yìí. Méje ni wọ́n."

Gàní gba fọ́tò. Ó wo ibi dúdú tòkè náà. Ó gbé e sí òjìji, ó gbé e sí oòrùn. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó di ojú kan, ó di èkejì. Dúdú ló rí. Dúdú tó mọ̀ dunjú ni, èyí tó ti wò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tó ti yà ní ìpele mẹ́jọ, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Na true, seven," ni Wísdom wí láti orí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "I don count am since Thursday."

Ayọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè ṣá kúrò lára Gàní wọ̀ọ̀. Dúdú wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun sì rí i, ṣùgbọ́n dúdú mìíràn wà lórí rẹ̀ tó jẹ́ ti ojú òun nìkan.

"Ẹn-ẹ́n," ló wí, "mo rí wọn." Ó rọ kùn pupa, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù, ó gun àkàbà.

Ọgbọ́n wà ní orí rẹ̀, kì í ṣe pé kò sí. Méje péré ni. Ó lè to méje síbi tó bá wù ú, ta ló máa fi rúlà wọ̀n ọ́n? Ọláídé á yìn ín. Ó lè jẹ́ pé ó máa rí i pé wọn ò sí níbi tó yẹ, síbẹ̀ á yìn ín, nítorí ó jẹ́ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Á sì lọ sílé. Gàní na ọwọ́ sí dúdú náà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sọ́tùn-ún, kò fi kàn án. Ó gbé e sósì. Kùn pupa kán sórí bàtà rẹ̀. Àánú dúdú náà ṣe é. Ó ti jìyà lórí rẹ̀, òun ló dá a, kò sì lè parọ́ sínú rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Tíṣà, mi ò rí wọn."

"Ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi tí oòrùn..."

"Mi ò rí wọn. Ìràwọ̀ tí mo fi síbẹ̀ níjelòó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yíǹkì. Ojú mi ni mo rò pé kò gbé e. Mo parọ́. Ojú mi ń kú, Tíṣà. Irú ti bàbá mi ló ń ṣe mí." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ẹ má yìn mí o. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ibi tí wọ́n wà fún mi."

Ọláídé ò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, ó ní kí Wísdom gbé bẹ́ǹṣì wá, ó gun orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára, Gàní náà sì padà sórí àkàbà. Ọláídé fi ọwọ́ òsì gbé fọ́tò, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ Gàní mú.

"Ibí," ló wí. Gàní fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri. "Èkejì súnmọ́ ọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ibí." Ó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó ń dúró, ó ń wo fọ́tò, ó tún ń gbé e. Kò sẹ́ni tó kánjú nínú wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí ibi tí ìkarùn-ún wà. Nígbà tí wọ́n fi ìkeje sí i, Wísdom tún wọn kà láti ìsàlẹ̀, ó ní ó pé.

Gàní ò dúró kí búrọ́ọ̀ṣì gbẹ. Ó yọ fóònù, ó ní kí Ọláídé bá òun tẹ nọ́ńbà Sìdíkátù, ó sì gbé e sétí níwájú wọn.

"Sìdí, ojú mi ò dáa. Ó ti tó oṣù mẹ́wàá."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún lẹ́yìn fóònù dákẹ́.

"Mo mọ̀," ni Sìdíkátù wí. "Mo ti gba káàdì sílẹ̀ fún yín ní ilé ìwòsàn ojú láti oṣù kẹjọ. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ máa ń dúró gbọ́ ni, Bàbá Hamdalah?"

Gàní fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kùn pupa sì gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀la, aago méje," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má sá o."

Ó ní òun ò ní sá.